Yàrá Ìsàlẹ̀ Nínú Ilé Gíláàsì

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Mọ́mì mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Orúnkún ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ó ti san, mi ò sì ní gbà yín gbọ́.

Láti ìgbà tí ẹ ti kọ̀wé pé onílé fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù yín àti yàrá ẹ̀yìn rẹ̀ kí ọdún yìí tó parí ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ ti lò níbẹ̀. Níbo lẹ fẹ́ gbé ẹ̀rọ mẹ́ta àti tábìlì gàgàrà yẹn lọ? Mo ronú títí, mo wá gbé pẹ́ńsù. Mọ́mì, mo fẹ́ kọ́lé fún yín lórí ilẹ̀ Dádì.

Mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín yín níbi tí mo wà. Ẹ ó ní ilẹ̀ wo? Èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní ilẹ̀ ewúrẹ́, tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti etí títì lọ síbi tí ilẹ̀ ti já wálẹ̀? Òun gan-an ni. Ọdún mẹ́jọ nìyí tí mo ti ń yàwòrán ilé fún àwọn ẹlòmíràn, kò sì sí ọ̀kan nínú gbogbo wọn tí màmá mi lè wọ̀. Gíláàsì ni mo fẹ́ fi ṣe ojú ilé náà láti òkè dé ilẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń rí i tí ẹ ń gbé ẹ̀rọ tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀ kiri: láàárọ̀, ẹnu ọ̀nà, lọ́sàn-án, abẹ́ fèrèsé, nírọ̀lẹ́, ẹ tún ti gbé e padà. Nínú ilé yìí, ẹ ó jókòó sójú kan, ìmọ́lẹ̀ á máa wá bá yín.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ bá mi wá awọnlẹ̀ kan kó wọn ilẹ̀ náà láti etí títì títí dé ibi tó ti já, kó sì wọn fífẹ̀ rẹ̀. Kó na téèpù náà gbọọrọ, kó má tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀, torí ilẹ̀ tó bá dà máa ń gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Kó ṣe é kó pé o. Gíláàsì kì í ṣe aṣọ, Mọ́mì. Tí wọ́n bá ti gé e, kò ṣeé tú, kò sì ṣeé fún.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kejì

Alágídí mi,

Lẹ́tà rẹ dé láyọ̀. Orúnkún mi ti san.

Mo ka ọ̀rọ̀ ilé gíláàsì yẹn sétí Bọ̀ọ̀dá Símẹ́ńtì. O rántí rẹ̀, bíríkìlà tó bá wa kọ́ ilé ìdáná nígbà tí o wà ní kékeré. Ó bi mí bóyá ara rẹ yá. Mo ní ara rẹ yá, ìwé ló pọ̀ jù lórí rẹ.

Èmi náà ní ìbéèrè. Níbo ni mo ti máa pààrọ̀ aṣọ? Àwọn oníbàárà mi ńkọ́, tí wọ́n máa ń bọ́ra sílẹ̀ kí n tó wọ̀n wọ́n, ṣé gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ni kó bá wọn wo ìbàdí ni? Ṣé o fẹ́ kí n máa yí po nínú gíláàsì bí ẹja? Ká tún tó wá sórí ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn. Mo mọ ilẹ̀ yẹn dáadáa, ọmọ mi, èmi kì í ṣe ewúrẹ́.

Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún ọ. Nígbà tí mo rí i pé ilẹ̀ bàbá rẹ lo dárúkọ, ẹkún gbọ̀n mí. Ṣé o mọ bó ṣe rà á? Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń wà ló kọ̀ tí kò gun òkè yẹn mọ́. Ó bá jókòó sórí ilẹ̀ náà, ó ń retí mẹkáníìkì, atẹ́gùn fẹ́ sí i, ló bá sùn lọ. Bó ṣe jí, ó ní ibẹ̀ lòun ti máa darúgbó. Oṣù kan gbáko ni mo fi bá a jà lórí ọ̀rọ̀ náà.

Awọnlẹ̀ tí o ní kí n wá, mi ò wá a. Kí ló mọ̀ tí mi ò mọ̀? Ogójì ọdún ni mo ti ń wọn èèyàn, àwọn tó ń mí, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń fa ikùn sínú kí n má baà mọ̀ pé wọ́n ti sanra. Ilẹ̀ tó dúró sójú kan ló máa wá ṣòro fún mi? Téèpù Bọ̀ọ̀dá Símẹ́ńtì ti já lórí, orí ínǹsì keje ló ti ń bẹ̀rẹ̀, torí náà téèpù ìránṣọ mi la lò. Òun di orí rẹ̀ mú, èmi di ìdí rẹ̀ mú, a na án gbọọrọ bí o ṣe wí. Ibi tó bá ti tán la ń kan èèkàn sí, èmi ni mo sì ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Láti títì dé ibi tí ilẹ̀ ti já jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàdínlọ́gọ́rin àti ààbọ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí.

Ìgbà wo lo ń bọ̀ wálé? Ìyẹn nìkan ni mi ò rí nínú lẹ́tà rẹ.

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta

Mọ́mì mi,

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti fi nọ́ńbà yín yàwòrán náà, ó wà nínú àpò ìwé yìí. Ẹ fún mi láyè kí n ṣàlàyé kí Bọ̀ọ̀dá Símẹ́ńtì tó ní orí mi ti dàrú.

Gíláàsì tí mo fẹ́ lò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú lẹ ó máa rí ìta lọ́sàn-án. Ẹni tó bá wà níta, ojú ara rẹ̀ ló máa rí. Ẹni tó bá wá yọjú wò yín, irun rẹ̀ ló máa ya lọ. Ibi tí ẹ ti ń wọn oníbàárà àti balùwẹ̀, búlọ́ọ̀kù ni, kò sí gíláàsì níbẹ̀ rárá.

Mi ò ní gé òkè náà lulẹ̀. Ẹ ó wọlé láti etí títì láìgun nǹkan kan. Yàrá ìránṣọ yín lẹ máa kọ́kọ́ bá, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá géérégé láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri, kí tábìlì tí ẹ fi ń gé aṣọ lè wọ ibẹ̀. Ilé ìdáná ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà yàrá tí ẹ ó máa sùn. Gbogbo rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, òpó ló máa gbé e ró bí ilẹ̀ bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá péré ló wà nínú ilé náà, yàrá kan ní ìsàlẹ̀ ló sì lọ, yàrá tó dúró sí etí ibi tí ilẹ̀ ti já gan-an. Kò sí ohun tó máa gbé yín débẹ̀.

Mọ́mì, ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, abẹ́ ilẹ̀ ni. Ògiri ni mo kọjú sí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, àtẹ̀gùn ilé onílé ni mo sì ń yà. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ọ̀gá mi rí àwòrán yín lórí tábìlì mi. Obìnrin tí kì í dúró lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni ni, ṣùgbọ́n ó dúró. Ó ní ta ló máa gbébẹ̀. Mo ní màmá mi. Ó fi ìka tọ yàrá ìránṣọ yín, ó ní, "Ẹni tó ya èyí mọ ẹni tó yà á fún." Láti ọjọ́ náà, inú mi ń dùn ṣáá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní ẹ gbà.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹrin

Alágídí mi,

Mo gbà. Ṣé o ti gbọ́? Bọ̀ọ̀dá Símẹ́ńtì náà gbà, àmọ́ ó ní òun ò ní bá ẹ nu gíláàsì kankan.

Onílé ti tún wá. Ó bá mi sọ̀rọ̀ tìtìjú-tìtìjú, ó ní ọmọ òun ló fẹ́ lo ibẹ̀, òpin ọdún kò gbọdọ̀ yẹ̀. Mi ò lè bínú sí i. Èmi ni mo rán aṣọ tí ọmọ yẹn fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé.

Wàyí o, yàrá ìsàlẹ̀ yẹn, ta ló ni ín? Mo wo àwòrán náà títí. O kọ orúkọ sára gbogbo yàrá, o kò kọ nǹkan kan sí tibẹ̀. O sì tún fo ìbéèrè mi. Báyìí lo ṣe máa ń fo gọ́tà nígbà tí o wà lọ́mọdé, inú rẹ̀ lo sì máa ń já sí.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ kó jáde. Mo mọ ohun tó ń dà ọ́ láàmú. Ó dùn ọ́ pé o kò sí nílé lọ́jọ́ tí a sin bàbá rẹ. Ìwé ìrìnnà rẹ kò tíì jáde nígbà náà, mo sọ fún gbogbo ẹbí, ó sì yé wọn. Èmi ò fi ọ́ sùn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, mi ò sì fi ọ́ sùn nínú ọkàn mi. Ilé kọ́ ni mo ń béèrè lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi.

Má pè mí lórí fóònù láti dáhùn o. Ọ̀rọ̀ fóònù kò ṣeé kà lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹrin

Mọ́mì mi,

Àwòrán fún Bọ̀ọ̀dá Símẹ́ńtì nìyí, ìwé mẹ́fà. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìpìlẹ̀ nígbà tó bá ti ṣe tán.

Èmi ni mo ni yàrá ìsàlẹ̀. Ojú ló ń tì mí láti kọ ọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì tí mo ti rà láti wá sílé láti ìgbà tí ìwé mi ti jáde jẹ́ méjì, mo sì dá méjèèjì padà. Mo máa ń palẹ̀ ẹrù mọ́, tó bá wá ku ọ̀sẹ̀ kan, àyà mi á já. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń wọ ilé tí bàbá rẹ̀ ti jáde nígbà tí òun ò sí níbẹ̀. Mo wá rò ó pé tí mo bá kọ́ nǹkan sórí ilẹ̀ rẹ̀, màá lè rí ohun gbé dání nígbà tí mo bá ń bọ̀.

Ẹ má bínú.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹfà

Mọ́mì mi,

Mo ti ń retí lẹ́tà yín láti oṣù tó kọjá. Tí mo bá pè, ẹ ó ní dáadáa lẹ wà, ẹ ó ní oníbàárà wà lọ́dọ̀ yín, ẹ ó sì pa fóònù. Mo bi yín nípa ìpìlẹ̀, ẹ ní oòrùn mú. Kí ló kan oòrùn nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ṣé ọ̀rọ̀ tí mo kọ nípa Dádì ló dùn yín?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Keje

Mọ́mì,

Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Dádì ni, ẹ bú mi. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ sì fi ránṣẹ́. Ó sàn fún mi ju kí ẹ máa dákẹ́ lọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó ti pẹ́ńsù ni mò ń ronú pé ẹ ti gbé ọkàn kúrò lára mi.

Èmi ni.


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Keje

Ọkọ mi, bàbá mi,

Má ronú bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé rẹ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bàbá rẹ. Lẹ́tà yẹn wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, mo ti kà á débi pé ó ti fẹ́ ya. Ojú ló ń tì mí, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún, Bọ̀ọ̀dá Símẹ́ńtì fi okùn àti èèkàn sàmì sí ibi tí òpó kọ̀ọ̀kan máa wà. Ó bá a dé ìsàlẹ̀, ó wá pè mí. Òpó méjì tó máa gbé yàrá rẹ bọ́ sí òfuurufú. Ilẹ̀ ti tán kí wọ́n tó débẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ọmọ yín ò mọ nọ́ńbà o." Ọmọ mi! Ara mi bù máṣọ. Mo sọ̀rọ̀ sí i, mo sọ̀rọ̀ sí téèpù rẹ̀ tí kò lórí, mo ní kó kó ṣọ́bìrì rẹ̀ kúrò níwájú mi. Ó kó o lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò sẹ́nì kankan lórí ilẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ kan, mò ń wọn olùkọ́ kan tó fẹ́ rán aṣọ iṣẹ́. Téèpù ní ìbàdí rẹ̀ jẹ́ ogójì, ọwọ́ mi sì kọ méjìlélógójì sínú ìwé. Pẹ́ńsù bá dúró lọ́wọ́ mi. Mo tún un wọ̀n, ogójì náà ni.

Ọmọ mi, èmi kì í kọ nọ́ńbà ìhòòhò sílẹ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo gé aṣọ ìyàwó kan bí téèpù ṣe wí gẹ́lẹ́, aṣọ náà ò sì jẹ́ kí ìyàwó lè mí. Ọ̀gá mi obìnrin ní kí n máa fi ínǹsì méjì kún gbogbo ohun tí mo bá wọ̀n kí n tó kọ ọ́, títí á fi mọ́ mi lára. Ó sì mọ́ mi lára. Gbogbo ibi tí a ti kan èèkàn lórí ilẹ̀ bàbá rẹ, mo fi ínǹsì méjì kún un, mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe é. Èèkàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìwọ mọ ìṣirò jù mí lọ, rò ó.

Mo ti lọ bẹ Bọ̀ọ̀dá Símẹ́ńtì. Ó jẹ́ kí n bẹ òun dáadáa kó tó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n o ti kìlọ̀ fún mi pé gíláàsì kì í ṣe aṣọ, o sì ti ní kí n pe awọnlẹ̀, ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n gbọ́. Ọdún ń tán lọ, èmi ni mo sì ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. Má bínú sí mi.

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹjọ

Mọ́mì mi, ẹ̀yin nìkan,

Ẹ̀rín pa mí débi pé ọ̀gá mi jáde wá wò mí. Mo sì sunkún díẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín ló pọ̀ jù. Mo ti wá mọ ìdí tí ṣòkòtò ilé ìwé mi fi ń já bọ́ títí mo fi jáde. Kò sí ohun tí ẹ bà jẹ́. A ò tíì gé gíláàsì kankan. Èmi ló yẹ kí n ti sọ pé àfi awọnlẹ̀, tàbí kí n má yàwòrán rárá, ọ̀gá mi sì ti sọ ọ́ fún mi lójú.

Ẹsẹ̀ bàtà méjì àti ààbọ̀ ló lé. Ọ̀nà méjì ló wà. A lè fa gbogbo ilé náà sókè sí ìhà títì, ṣùgbọ́n yàrá ìránṣọ yín la máa gé, ẹsẹ̀ bàtà méje àti ààbọ̀ ló máa kù, tábìlì yín ò sì ní wọ ibẹ̀ mọ́. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Torí náà mo yọ yàrá ìsàlẹ̀ kúrò, àti àtẹ̀gùn rẹ̀. Àwòrán tuntun ló wà nínú àpò ìwé yìí. Ẹ fún Bọ̀ọ̀dá Símẹ́ńtì, ẹ sì ya ti tẹ́lẹ̀ dànù.

Ẹ má ronú nípa mi. Tí mo bá wá, màá sùn sórí àga.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kọkànlá

Alágídí mi,

O ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì láti béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, mi ò dáhùn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Tí mo bá dáhùn, o máa bá mi jiyàn, ìwọ sì lo ni ìwé, màá pàdánù.

Mi ò fún Bọ̀ọ̀dá Símẹ́ńtì ní àwòrán tuntun rẹ. Inú dúrọ́ọ̀ tí mo ń kó òwú sí ló wà, ibẹ̀ ló sì máa wà. Àwòrán àkọ́kọ́ la lò. Mo pe awọnlẹ̀ o, kí o má baà dá mi lẹ́bi, ó kọ nọ́ńbà, èmi ò fọwọ́ kàn án. A fa ilé sókè sí ìhà títì bí o ṣe sọ pé ó ṣeé ṣe.

Tábìlì ńkọ́? Mo pe káfíńtà, ó bá mi rẹ́ ẹ kúrú. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú. Orí tábìlì yẹn ni mo ti gé gbogbo aṣọ tí mo fi rán ọ níwèé, nítorí náà mi ò ní sọ fún ọ pé mi ò mọ̀ ọ́n lára. Mo kọjú sí ògiri títí ayùn fi dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó wọlé, ó sì bá ibẹ̀ mu. Aṣọ gígùn, mo máa ń ká a lẹ́ẹ̀kan kí n tó gé e, kò pa mí lára.

Mo kó wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Onílé fúnra rẹ̀ bá mi gbé ẹ̀rọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi òwú bọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìlo jígí ojú mi. Mo tú u, mo tún un bọ̀, ó tún wọlé. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń dá rẹ́rìn-ín bí wèrè. Ọmọ mi, o mọ iṣẹ́. Bàbá rẹ ì bá ti mú gbogbo awakọ̀ ìlú yìí wá wò ó.

O ní o ń wá ohun tí o máa gbé dání. Má gbé nǹkan kan dání. Kò sí ẹni tó ń retí ẹrù lọ́wọ́ rẹ níbí.

Yàrá rẹ ti parí. Wọ́n ti ṣe gíláàsì rẹ̀, wọ́n ti so ilẹ̀kùn rẹ̀. Mi ò tíì rí i, torí mi ò lè sọ àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá kalẹ̀, orúnkún mi kò san, kò san rí látọdún tó kọjá. Bọ̀ọ̀dá Símẹ́ńtì ní eruku ti bo ibẹ̀. Ó fẹ́ bá mi gbá a, mo ní kó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, yàrá yẹn lẹ́ni tó ni ín.

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejìlá

Mọ́mì mi,

Inú ọkọ̀ ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo sì kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn padà.

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí ni mo máa dé. Mo ti fún ọ̀gá mi ní ìwé ìrìnnà mi àti tíkẹ́ẹ̀tì náà kó bá mi tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ títí di ọjọ́ tí mo máa gbéra, kí n má baà lè dá a padà.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá yàrá mi o.

Ọmọ yín.